BÍ A ṢE Ń TÚ PÁÌPÙ EPO ỌKỌ̀ DÍSÙ

Bí a bá ti hú ẹ̀gẹ́ nílẹ̀, láàárín ọjọ́ 2 sí 3 ló ti ń bàjẹ́. Bí ọkọ̀ tó fẹ́ kó o lọ sílé gàrí bá wá kọ̀, àdánù ńlá nìyẹn.

Ṣé ọkọ̀ yín máa ń sítáàtì, tó sì tún ń kú? Ẹ kọ́kọ́ wo páìpù tó ń gbé epo láti táǹkì wá sí fítà. Bí ó bá là, epo lè má kán sílẹ̀ rárá. Ìdí ni pé lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, pọ́ńpù tó wà lápá ẹ́ńjìnnì ló ń fa epo gba inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò sì máa bá a wọlé. Ẹ́ńjìnnì dísù kì í ṣiṣẹ́ dáadáa bí afẹ́fẹ́ bá wà nínú epo rẹ̀.

Páìpù yìí nìkan ni ẹ̀kọ́ òní wà fún. Àwọn páìpù irin tín-ín-rín tó lọ sí ẹnu tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, èyí tí wọ́n ń pè ní nọ́sù, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún mẹkáníìkì.

1. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ fi òkúta dí táyà. Ẹ yọ wáyà bátìrì tó ní àmì (–). Kò gbọdọ̀ sí iná tàbí sìgá nítòsí.

2. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti àkísà mímọ́ nu ojú ibi tí ẹ fẹ́ tú. Iyanrìn díẹ̀ tó bá wọlé lè ba pọ́ńpù àti nọ́sù jẹ́, owó wọn sì ju ti páìpù lọ fíìfíì.

3. Ẹ ṣí ìdérí táǹkì, kí ẹ sì gbé abọ́ sábẹ́ páìpù.

4. Bí nọ́ọ̀tì ló dè é, sùpánà 2 ni kí ẹ lò: ọ̀kan di ìdí rẹ̀ mú, èkejì ń tú nọ́ọ̀tì. Bí ẹ bá lo ẹyọ kan, páìpù lè lọ́. Bí rọ́bà ni, ẹ tú kílíìpù, kí ẹ yí rọ́bà náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jáde. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

5. Ẹ fi ọ̀rá mímọ́ so ẹnu méjèèjì lójú ẹsẹ̀.

6. Ẹ mú páìpù àtijọ́ dání lọ sọ́jà, kí ẹ ra èyí tó bá a dọ́gba. Èyí tí wọ́n ṣe fún epo ni kí ẹ rà. Dísù yóò mú kí rọ́bà omi wú, yóò sì rọ̀.

7. Bí ẹ bá de tuntun tán, ẹ dá wáyà bátìrì padà. Ẹ tú nọ́ọ̀tì kékeré orí fítà díẹ̀, kí ẹ máa tẹ pọ́ńpù ọwọ́. Epo tó ń hó ni yóò kọ́kọ́ jáde. Nígbà tí kò bá hó mọ́, ẹ dè é pa, kí ẹ sítáàtì ọkọ̀. Bí ọkọ̀ yín kò bá ní pọ́ńpù ọwọ́, ẹ pe mẹkáníìkì fún èyí.

ÌKÌLỌ̀: Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe fi ọwọ́ wá ibi tí epo ti ń jò. Epo tó bá ń tú jáde lára páìpù tín-ín-rín nì lè gún awọ ara wọlé. Páálí ni kí ẹ fi wò ó. Bí ó bá gún ẹnikẹ́ni, ojú rẹ̀ lè kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ó sì lè má dun ẹni náà lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sọ pé dísù ló wọ̀ ọ́ lára. Ẹni tó bá fi falẹ̀ lè pàdánù ọwọ́ náà.

Ẹ má da epo inú abọ́ sódò tàbí sí ẹ̀bá kànga. Ibi tí kò bá yé yín, ẹ bi wá léèrè nígbà tí a bá wá sí abúlé yín. Ọkọ̀ kò ní dá yín dúró lọ́nà o.