Ẹ̀KỌ́ ÀJỌ̀DÚN: "ELDER", ṢÉ ỌJỌ́ ORÍ NI TÀBÍ OYÈ?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí à ń pè lójoojúmọ́ nínú ilé Ọlọ́run, tí a kì í sábà béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni "Elder". Àwọn kan ní oyè ni, àwọn kan ní ọjọ́ orí ni. Nítorí rẹ̀ ni inú fi ń bí àgbà tí wọ́n fi ọmọ àná joyè lé lórí. Nítorí rẹ̀ náà ni ọmọ tó joyè fi ń lọ jókòó síwájú láì kí ẹni tó lè bí i lọ́mọ. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

1. Ibi tí ó ti wá
Láyé àtijọ́, "eald" ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ohun tó ti pẹ́. Òun ló di "old". Inú rẹ̀ ni "elder" ti jáde, èyí ni ẹni tó dàgbà ju ẹlòmíràn lọ. Ìdílé ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni "ealdorman" ti wá, olórí tó ń bá ọba ṣàkóso ẹkùn. Òun ló di "alderman", ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú. Ẹ ò rí i pé ó ti pẹ́ tí ọjọ́ orí àti oyè ti wọnú ara wọn!

2. Ìjà tó dá sílẹ̀
Nínú Májẹ̀mú Tuntun, "presbyteros" ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà: ẹni tó dàgbà jù. Ó gba inú èdè Látìnì kọjá, ó di "priest" lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí William Tyndale tẹ Májẹ̀mú Tuntun ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1526, kò lo "priest"; ọ̀rọ̀ Látìnì náà, "senior", ló lò. Ní 1529, Thomas More bá a jà lórí rẹ̀. Tyndale gbà pé "senior" kò bá Gẹ̀ẹ́sì mu tó, ṣùgbọ́n kò padà sí "priest". Ní 1534 ó fi "elder" rọ́pò rẹ̀. Kí ló dé tó fi gbóná tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tí à ń pè ní "priest", ẹni tó ń rúbọ fún wa ni à ń rò. Ẹni tí à ń pè ní "elder", àgbà tó ń tọ́jú agbo ni. Wọ́n pa Tyndale ní 1536 lórí ẹ̀sùn àdámọ̀, ṣùgbọ́n Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 di "elder" mú. Nínú Bíbélì tiwa, alàgbà ni.

3. Ẹ̀kọ́ tó kàn wá
"Elder", "senior", "presbyteros": "jù" wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹnì kan kì í sì dàgbà jù lásán, ó ní láti ju ẹnì kan. Bí kò bá sí ẹni tó ń tẹ̀ lé ọ lẹ́yìn, ta lo jẹ́ àgbà fún?

Ẹ ka Númérì 11. Àádọ́rin ènìyàn tí Mósè yàn, ẹrù ni wọ́n wá bá a gbé, wọn kò wá gba àga.

Ẹ tún ka 1 Tímótì orí 5. Ní ẹsẹ 1, ọjọ́ orí ni "presbyteros": kí Tímótì má ṣe bá àgbàlagbà wí gan-an, kó máa gbà á níyànjú bíi baba. Ní ẹsẹ 17, ọ̀rọ̀ kan náà di oyè: kí a bu ọlá fún alàgbà tó ń ṣàkóso dáadáa. Ọ̀dọ́ sì ni Tímótì tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí. Ní orí 4 ó ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gàn án nítorí èwe rẹ̀.

Nítorí náà, ìwọ tí o joyè tí o kò tíì dàgbà, kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ, dọ̀bálẹ̀ bó bá yẹ. Oyè rẹ kò ní já bọ́. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ẹ kò joyè, ẹ má ba iṣẹ́ ọmọ yín jẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́: Ta ni ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ lọ́dún yìí nítorí pé o jẹ́ àgbà?

Olúwa yóò jẹ́ ká ṣe ọ̀pọ̀ àjọ̀dún láyé. Àmín.