Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ọpọ́n Ayò Tí A Fi Ọwọ́ Ara Wa Gbẹ́

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí kì í ṣe ti ìwé owó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ owó kò jìnnà sí i. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ni. Kò sí oṣù tí ẹnì kan nínú wa kì í náwó àna, tí ọ̀rẹ́ ẹni kì í ṣílé, tàbí tí ẹ̀gbọ́n ẹni kì í fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. A sì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Èèyàn á yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ fún oko ẹ̀gẹ́ tàbí fún ọjà, á yọ níbẹ̀ fi ra ẹ̀bùn olówó ńlá, nígbà tí ó bá di ọjọ́ àtisan, ojú àwọn onídùúró rẹ̀ ni yóò máa pọ́n. Ẹ̀bùn á ti bàjẹ́, gbèsè á ṣì wà nílẹ̀.

Ṣé kí a wá lọ lọ́wọ́ òfo? Rárá o. Ọpọ́n ayò tí a fi ọwọ́ ara wa gbẹ́ yẹ àna, ó yẹ bàbá ẹni, ó sì yẹ ìbejì, pàápàá ní Igbó-Ọrà tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì: ẹni méjì ni í ta ayò, Táíwò níhìn-ín, Kẹ́hìndé lọ́hùn-ún. Ọpọ́n kan ló tó àwọn méjèèjì.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ jù ni igi tútù, nítorí náà ibẹ̀ ni a óò ti pẹ́ díẹ̀. Orí igi, níbi tí ayùn ti gé e, ni omi ti ń yára jáde. Orí á ti gbẹ, á ti súnkì, nígbà tí àárín ṣì tutù. Bí ọ̀kan ti ń fà tí èkejì kò fà, igi á là. Ọpọ́n tí a gbẹ́ nígbà òjò lè dán gbinrin lọ́jọ́ tí a gbé e fún àna, kí ọyẹ́ dé, kí ó sán láti orí dé ìdí nínú pálọ̀ wọn. Ta ni yóò gbà pé a kò mọ̀ọ́mọ̀?

Àwọn tó mọ iṣẹ́ igi máa ń sọ pé pákó tó nípọn ní ínǹṣì kan ń fẹ́ tó ọdún kan lábẹ́ òrùlé kí ó tó gbẹ dáadáa. Ti ínǹṣì 2 á gbà tó ọdún méjì nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín. Ẹ lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, ẹ bẹ̀ ẹ́ fún àjákù pákó tó ti pẹ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá ń wó ilé àtijọ́ ní Èrúwà tàbí ní Lánlátẹ̀, ẹ bá a sọ̀rọ̀ kí ó tó dáná sun àwọn igi àjà: igi wọ̀nyẹn ti gbẹ kí a tó bí ẹlòmíràn nínú wa. Ṣùgbọ́n ẹ yọ gbogbo ìṣó inú wọn kí ẹ tó fi ayùn kàn án.

Bó bá jẹ́ igi tútù nìkan ni ẹ rí, ẹ gbẹ́ ẹ ní gbàrà, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì nípọn, ẹ yọ́ àbẹ́là sí orí rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ gbé e sínú iyàrá tí oòrùn kò dé. Ẹ̀yin ọlọ́jà tí ẹ ní òṣùwọ̀n, ẹ máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù. Ọjọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá dín mọ́, ó ti gbẹ. Kí ọkàn igi má sì sí nínú pákó náà, nítorí láti ibẹ̀ ni ó ti ń là.

Igi wo ló dára? Ọmọ̀ rọ̀ fún síséélì, ó sì fúyẹ́ láti gbé. Arère rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ó tètè ń bó lára. Ìrókò àti apá wúwo, wọ́n sì lè pẹ́ ju ẹni tó gbẹ́ wọn lọ. Ẹ fi aṣọ bo imú bí ẹ bá ń ha ìrókò, eruku rẹ̀ kò dára fún ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ má torí ọpọ́n kan gé igi gẹdú láìgba ìwé àṣẹ.

Ìwọ̀n tí ó tẹ́ wa lọ́rùn nìyí: gígùn ínǹṣì 24, ìbú 7, nínípọn 2. Ilé 12 ni, 6 níhìn-ín, 6 lọ́hùn-ún. Kí ẹnu ilé kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ínǹṣì 2½, kí àlà àárín wọn jẹ́ ½. Ilé 6 gba 15, àlà 5 gba 2½. Ó ku 3¼ ní orí kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni a óò gbẹ́ ihò kékeré sí fún ọmọ tí a bá jẹ. Ẹ gé páálí róbótó kan, òun ni kí ẹ fi fa gbogbo ilé, kí ọ̀kan má baà tóbi ju èkejì lọ. Kí ilé jìn tó 1¼, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Síséélì tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ ni ẹ ó lò. Láti ẹnu ilé lọ sí àárín ni kí ẹ máa ti, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹnu ilé á ya. Ẹ di pákó mọ́lẹ̀, kí ọwọ́ yín má sì sí níwájú irin láé.

Ewé ìpín ni a fi ń dán an, ó sì tún dára ju pépà ìdángi lọ lójú tiwa. Ẹ̀yin ìyá, iṣẹ́ yìí kò le fún yín rárá. Ẹ ju ọmọ ayò kan sínú ilé: bó bá yí lọ sí àárín láìkọ́, ó ti dára. Ẹ má kun inú ilé ní ọ̀dà, yóò ṣí. Fi àdín díẹ̀ nù ún; ọwọ́ àwọn tó ń ta á ni yóò parí ìyókù.

Àwọn kan ń pe ayò ní eré ọ̀lẹ. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal ní Yunifásítì Vrije ní ìlú Amsterdam fi kọ̀ǹpútà ṣírò irú ayò wa yìí, oníilé 12, ọlọ́mọ 48. Ọ̀nà tí ọmọ lè gbà wà lójú ọpọ́n lé ní bílíọ̀nù 889. Wọ́n rí i pé bí àwọn méjèèjì kò bá ṣi ayò ta, ọ̀mì ni, 24 sí 24. Ẹ rí i pé kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé ni a ń gbé fún àna.

Ó ku ọmọ ayò. Ẹ ṣa 52, nítorí mẹ́rin á sọnù. Ẹni tí igi ayò kò bá sí lóko rẹ̀ lè gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ẹ̀gún rẹ̀ á lé ewúrẹ́. Èèpo ọmọ rẹ̀ le gan-an; ẹ fi òkúta ha á díẹ̀ kí omi lè wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò pẹ́ kí ó tó hù.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e lọ, ẹ ka ọmọ náà lójú àna yín, mẹ́rin-mẹ́rin sínú ilé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ jókòó, kí ẹ jẹ́ kí bàbá kọ́kọ́ ta.