Ẹ̀KỌ́ LÁRA ILÉ MÉJÌ NÍ ÀGBÁDÁRÌGÌ



Àwọn baba wa a máa wí pé, bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn wò ní oṣù yìí, kí a fi Àgbádárìgì, ìlú etí ọ̀sà tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn Èkó, ṣe àpẹẹrẹ.

Ilé kìn-ín-ní ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí Àlùfáà C. A. Gollmer, ti ẹgbẹ́ C.M.S., kọ́ ní ọdún 1845. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà ni òun pẹ̀lú Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí ìlú náà. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n ikú Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, àti ogun tí ó dí ọ̀nà dá wọn dúró ju ọdún kan lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni Crowther tó dé Abẹ́òkúta, níbi tí ó ti tún rí ìyá rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí ogun ti yà wọ́n. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ṣì dúró títí di òní.

Ilé kejì ni ti Sẹ́ríkì Williams Abass. Oníṣòwò ẹrú ni. Inú yàrá tóóró ilé rẹ̀ ni a ń há àwọn tí a rà mọ́, kí a tó kó wọn sọdá ọ̀sà lọ sí etí òkun. Bẹ́ẹ̀ ni a sì ti ta òun pàápàá lẹ́rú ní èwe rẹ̀, tí ó dé Brazil kí ó tó padà wálé. Ó kú ní ọdún 1919.

Ẹ kíyèsí i. Àwọn méjèèjì ni ó jẹ ìyà kan náà. Ọ̀kan padà wá láti kọ́ ènìyàn, èkejì padà wá láti ra ènìyàn. Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ti fi ọdún púpọ̀ sọ ìtàn ilé kìn-ín-ní fún àwọn ọmọ, láìdárúkọ èkejì. Mo rò pé mo ń bo àṣírí ìlú. Ìdajì ìtàn ni mo fi ń kọ́ wọn.

Ẹ má sì ṣe dúró de ìgbà tí ohun àtijọ́ yóò wó. Igi Agia, tí Thomas Birch Freeman wàásù lábẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, wó ní ọdún 1959. A kò pàdánù ibẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ti sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yan ilé àtijọ́ kan ní ìlú rẹ̀, kí ó sì bi àgbà ilé náà ní ìbéèrè mẹ́ta:

1. Ta ni ó kọ́ ilé yìí, àwọn wo ni ó sì bá a po amọ̀, tí wọ́n bá a pọnmi?
2. Àwọn wo ni aládùúgbò rẹ̀, báwo ni wọ́n sì ti bá ara wọn gbé?
3. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí a kì í fẹ́ sọ?

Kí ó fi ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀ bèèrè ẹ̀kẹta, nítorí pé ọgbẹ́ náà lè má tí ì jinná. Kí ó kọ èsì sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó gbọ́ ọ. Àgbà tí a kò bi léèrè lónìí lè má sí nílé lọ́la.