Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Bá Dúró Lójú Ọ̀nà

Ẹ̀yin ará wa ní Ajamimogha, kò sí ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà tí akọ̀wé wa fi ń tẹ ìwé ìpàdé. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé inú rẹ̀ náà ni orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà, pẹ̀lú iye tí oníkálukú ti dá láti ọdún mẹ́sàn-án wá. Nígbà òjò tó kọjá, lọ́jọ́ tí iná lọ tó sì dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín wákàtí kan, a tan kọ̀ǹpútà yìí, àmì Windows yọ, ó sì dúró gbagidi síbẹ̀. Kò lọ, kò bọ̀. Ẹni tí a kọ́kọ́ pè kò tíì jókòó dáadáa tó fi ní òun máa format rẹ̀. Alájì akápò wa ló ní kó dúró ná.

Format ni pé kí a pa gbogbo ohun tó wà nínú hard disk rẹ́, kí a wá gbé Windows mìíràn sí i. Ó máa ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kì í tìtorí eku sun ilé. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí kọ̀ǹpútà dúró sí, ibẹ̀ ló ń sọ ibi tí àrùn wà.

Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, Windows kọ́ ló ń kọ́kọ́ jí. Ètò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní BIOS ló ń yẹ RAM, kíbọọ̀dù àti hard disk wò, kó tó lọ pe Windows. Nítorí náà, bó bá dúró kí àmì Windows tó yọ rárá, ẹ má dá Windows lẹ́bi. Ẹ pa á, ẹ yọ fílàṣì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ohun gbogbo tí a so mọ́ ọn, kó ku kíbọọ̀dù àti ojú rẹ̀ nìkan, kí ẹ tún un tàn. Fílàṣì kan ṣoṣo tó ti bàjẹ́ lè dá a dúró.

Bí kò bá gbọ́, ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ ṣí àpótí rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí náà kí iná tó lúgọ sí ara yín lè lọ. Ẹ yọ RAM, ẹ fi rọ́bà tí ọmọ iléèwé fi ń pa lẹ́tà rẹ́ nu eyín aláwọ̀ wúrà tó wà nídìí rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ padà títí yóò fi dún. Ní Warri wa yìí tí òjò kì í fẹ́ dá, ọ̀rinrin máa ń bo eyín wọ̀nyí. Bí RAM bá jẹ́ méjì, ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí aago rẹ̀ bá ń padà sí ọdún àtijọ́ nígbà gbogbo, ẹ ra bátìrì rìbìtì tí wọ́n ń pè ní CR2032. Nínú àwọn tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ẹ wo àwọn capacitor tó dà bí agolo kékeré. Bí orí wọn bá wú, rọ́bà ìparẹ́ kò lè ràn yín lọ́wọ́.

Tiwa kọjá ibẹ̀, àmì Windows yọ. Nígbà náà, ẹ tẹ́tí sí hard disk. Bó bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́, ó ń kú lọ nìyẹn. Ẹ má tàn án mọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn kó kó ohun inú rẹ̀ jáde. Tiwa kò dún. Bí àmì Windows ṣe ń yọ, a tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ títí ó fi kú. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ojú ìwé àtúnṣe sì jáde. Lórí Windows 10 àti 11 nìyẹn. Lórí Windows 7, F8 ni ẹ ó máa tẹ̀. A yan Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings àti Restart, a sì tẹ 4. Safe Mode nìyẹn, níbi tí Windows ti ń jí pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tí kò lè ṣe aláìní.

Ó jí! A kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, orúkọ àti owó ni a kọ́kọ́ dà sórí fílàṣì. Lẹ́yìn náà la ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, a tẹ chkdsk C: /f, a dáhùn pẹ̀lú Y, a pa á, a tún un tàn. Ó yẹ ara rẹ̀ wò fún nǹkan bíi wákàtí méjì, ó sì ṣí. Iná tó lọ nígbà tó ń kọ nǹkan lọ́wọ́ ló da fáìlì rú.

Àwọn ńlá náà ti kan irú rẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ CrowdStrike fi àtúnṣe kan tó ní àbùkù ránṣẹ́, Microsoft sì ṣírò rẹ̀ pé kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù 8.5 ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ọkọ̀ òfuurufú kò gbéra, ilé ìwòsàn dá iṣẹ́ dúró. Safe Mode yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ gbà wọlé láti pa fáìlì kan ṣoṣo rẹ́.

A ti ra UPS. Fílàṣì méjì ni àkọsílẹ̀ wa wà lórí rẹ̀ báyìí, ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé, ọ̀kan lọ́wọ́ Alájì akápò. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ iye tó ti dá wò, kó rí akọ̀wé lẹ́yìn ìpàdé.