Bí Ìjì Bá Fẹ́ Ṣí Òrùlé Ilé-Ìwé

Oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ni ìjì máa ń ṣí òrùlé ilé-ìwé jù ní Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ẹ parí àyẹ̀wò yín kí oṣù kejì tó tán.

1. Ẹ pe káfíńtà kó gun àjà. Ẹ má rán akẹ́kọ̀ọ́. Igi ni kó kọ́kọ́ wò, kó tó wo páànù. Bí ìjì bá gbé òrùlé lọ, páànù àti igi rẹ̀ ló sábà máa ń jọ lọ, torí ibi tí igi ti jókòó lórí ògiri ló já. Bí ìṣó nìkan ló dì í mú níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó fi irin dè é, kí ìdí irin náà wọ inú kọnkéré orí ògiri. Kó máa fi òòlù kan igi kọ̀ọ̀kan: èyí tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ á dún bí ohun tó ṣófo. Ìlà oòrùn ni ìjì wa sábà ti ń wá, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ yẹn. Ẹ wo etí òrùlé tó yọ sórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ dáadáa, torí abẹ́ rẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń gbé e. Ilé-ìwé orí òkè ní Iléṣà kò gbọdọ̀ fi èyí falẹ̀.

2. Ẹ gé ẹ̀ka tó bo òrùlé, ṣùgbọ́n ẹ má gé gbogbo igi ọgbà. Igi tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ń dín agbára ìjì kù.

3. Ẹ kó rẹ́jísítà àti èsì ìdánwò sínú ike onídèérí. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ojú ewé wọn.

4. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, ẹ má tú àwọn ọmọ sílẹ̀. Ẹ ti fèrèsé ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Bó bá ráyè wọlé, á ti òrùlé láti abẹ́. Kí àwọn ọmọ jìnnà sí fèrèsé, kí wọ́n wà lábẹ́ tábìlì. Kí ẹnikẹ́ni má dúró lábẹ́ igi máńgòrò.

5. Bí ìjì bá rọlẹ̀, ẹ fi rẹ́jísítà pe orúkọ gbogbo wọn. Ẹ pe 112 bí ẹnikẹ́ni bá farapa. Ẹ ka gbogbo wáyà tó já sí èyí tí iná wà nínú rẹ̀. Ẹ ti kíláàsì tí kò lórùlé mọ́: ògiri onígun ìpẹ̀kun rẹ̀ tí kò sí ohun tó dì í mú mọ́ lè wó lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ọkàn gbogbo èèyàn ti balẹ̀.

6. Ẹ ya àwòrán kí ẹnikẹ́ni tó gbé páànù kan. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ kọ lẹ́tà sí akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí SUBEB (àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀) àti àjọ ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì ìpínlẹ̀. Ilé-ìwé girama yóò kọ sí ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́. Ẹ kọ wákàtí tí ìjì jà, iye kíláàsì, àti iye ọmọ tó ń jókòó níbẹ̀. "Ìjì ba ilé-ìwé wa jẹ́" nìkan kì í mú owó jáde. Ẹ gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín.

7. Yàrá tó ṣẹ́kù, àwọn tó ń múra WAEC ni kí ẹ kọ́kọ́ fún, torí àsìkò òjò yìí kan náà ni ìdánwò wọn. Kí àwọn tó kù máa wá láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, tàbí kí ẹ tọrọ gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́sálásí. Ẹ má gba òkè ilé alájà tí ẹnjiníà kò yẹ̀ wò: ilé tó wó ní Ìta Fájì, l'Ékòó, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019 ní ilé-ìwé nínú, ó sì pa ọmọ.

8. Rẹ́jísítà tó rin, ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì ya ewé tó lẹ̀ pọ̀. Ẹ fi ìwé ìròyìn sáàárín rẹ̀, kí ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí lábẹ́ ibòòji.

9. Páànù tí ojú ìṣó rẹ̀ ti fẹ̀ kì í padà sórí kíláàsì. Ẹ fi ṣe ọgbà.