Nígbà Tí Etí Bá Ń Hó Lẹ́yìn Oògùn

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kò ti inú ìwé gírámà Lárúbáwá jáde. Inú etí tiwa gan-an ló ti jáde. Àwọn àgbà sì bọ̀, wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa

Ní àkókò òjò ọdún tó kọjá, ara wa gbóná, orí ń fọ́ wa, gbogbo oríkèé ara ń ro wá. Kíá la sọ pé ibà ni. A kò ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kankan. Nígbà tí a kúrò ní ilé-kéwú ní ọ̀nà Ìgàndó, a yà sí kẹ́mísì kan ní Ìkòtún, a ní kí wọ́n fún wa ní oògùn ibà tó lágbára, nítorí a fẹ́ tètè padà sẹ́nu iṣẹ́. Kúínínì ni wọ́n kà sínú ọ̀rá fún wa. Wọn kò bi wá bóyá a ń lo oògùn mìíràn, àwa náà kò sì bèèrè ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀ aspirin wà lápò wa, tí à ń gbé mì fún orí fífọ́ láàárọ̀ lálẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ti dákẹ́, a gbọ́ ohùn kan bíi ti ìrẹ̀. A dìde, a tan iná, a wá abẹ́ ibùsùn títí. Ìyàwó wa ní òun kò gbọ́ ìrẹ̀ kankan. Ìgbà náà la tó mọ̀ pé inú orí wa ni ìrẹ̀ náà wà.

Ní ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin kan ń ka Fátíhà níwájú wa. Nígbà tó dé ibi tí lẹ́tà sọ́ọ̀dì wà, a ní síìn ló pè. A dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta. Omi lé sójú ọmọ náà. Ni ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá rọra sọ pé, "Àfáà, ẹ má bínú o, ó pè é dáadáa." Ojú tì wá gidigidi. A tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ ọmọ náà lójú gbogbo kíláàsì. Etí ni irinṣẹ́ olùkọ́ kéwú, bí ẹyin ojú ṣe jẹ́ fún aránṣọ. Bí irinṣẹ́ náà bá bàjẹ́, kí la ó fi ṣiṣẹ́?

A lọ rí dókítà. Ó wo inú etí wa, ó bèèrè gbogbo oògùn tí a lò, ó bèèrè bóyá a máa ń wà nídìí ariwo. Ó ní òun kò lè búra, nítorí ohun tó ń fa etí híhó pọ̀, ṣùgbọ́n kúínínì pẹ̀lú aspirin ni òun kọ́kọ́ fura sí. Ó ní kí a dá méjèèjì dúró. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ariwo náà lọ sílẹ̀ gan-an. Àmọ́ títí di òní, bí òru bá dákẹ́, a ṣì máa ń gbọ́ ọ fírífírí.

Kí ni etí híhó?

Etí híhó ni kí ènìyàn máa gbọ́ ìró tí kò ti ìta wá. Ó lè dún bí ìrẹ̀, bí fèrè, tàbí bí omi tó ń hó lórí iná. Kì í ṣe àlùjànnú, kì í sì í ṣe pé ọ̀tá kan ń pe orúkọ ẹni. Nínú etí wa lọ́hùn-ún, Ọlọ́hun dá ohun kan tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Inú rẹ̀ ni àwọn ẹ̀yà tíntìntín onírun wà, nǹkan bí 15,000 nínú etí kọ̀ọ̀kan. Àwọn ló ń sọ ìró di ìròyìn tí iṣan ń gbé lọ sí ọpọlọ. Bí wọ́n bá kú, ti ọmọ ènìyàn kì í hù padà.

Ẹ wo rédíò yín. Bí ohùn ilé-iṣẹ́ kan kò bá já geere mọ́, ẹ ó yí i sókè, ariwo ṣìì-ṣìì á sì bò yín. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ṣe ṣàláyé rẹ̀: nígbà tí ìròyìn láti etí bá dín kù, ọpọlọ á yí ara rẹ̀ sókè, á wá máa gbọ́ ariwo ara rẹ̀.

Àwọn oògùn tó yẹ kí a mọ̀

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú kúínínì. Ara èèpo igi ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni wọ́n ti rí i, àwọn ará Faransé méjì sì yọ ọ́ jáde ní mímọ́ ní ọdún 1820. Ní 1854, Dókítà Baikie kó ọkọ̀ ojú omi Pleiad wọ inú Odò Ọya, ó ní kí àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ máa lo kúínínì, ibà kò sì pa ọ̀kankan nínú wọn. Oògùn kan náà ni àwọn dókítà ti mọ̀ tipẹ́ pé ó ń mú etí hó, pàápàá bó bá pọ̀ jù. Bákan náà ni aspirin tó pọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ariwo àwọn wọ̀nyí máa ń lọ bí a bá dá oògùn náà dúró.

Ti àwọn abẹ́rẹ́ kan yàtọ̀. Gentamicin, tí wọ́n ń pè ní Genta, àti streptomycin lè pa àwọn ẹ̀yà onírun náà, kí ìgbọ́ràn sì lọ láìpadà. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń wo bí ènìyàn ṣe wúwo tó àti bí kíndìnrín rẹ̀ ṣe rí kó tó fún un. Ní 2018, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé kí wọ́n má lo kanamycin, tí í ṣe ẹbí wọn, fún ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ṣòro wò mọ́. Ẹ wá rò ó wò: ṣé irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí a máa gbà lórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù?

Ti ibà ńkọ́? Láti 2005 ni orílẹ̀-èdè wa ti fi àwọn oògùn alápapọ̀ tó ní artemisinin rọ́pò chloroquine. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló sì yẹ kó ṣáájú.

Ohun tí a lè ṣe

1. Kí a má ṣe dá oògùn tí dókítà kọ fún wa dúró fúnra wa, pàápàá oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ. Kí a tètè padà lọ sọ fún un pé etí wa ń hó.

2. Bí etí kan ṣoṣo bá ń hó, bí ìgbọ́ràn bá lọ lójijì, bí òòyì bá ń kọ́ ni, tàbí bí ariwo náà bá ń lù bí ọkàn ṣe ń lù, kí a má ṣe jẹ́ kó di ọ̀la. Ilé ìwòsàn ìjọba Alimoṣo wà ní Ìgàndó. Àwọn dókítà etí sì wà ní ilé ìwòsàn ńlá Ìkẹjà àti ti Ìdí-Àràbà.

3. Kí a má ṣe da epo tàbí àgbo sínú etí, kí a má sì fi igi wá a.

4. Ní òru, kí a má ṣe jókòó ti ìdákẹ́jẹ́. Fáànù tàbí rédíò tó rọra ń dún ń ran ni lọ́wọ́ láti sùn. Àwa ń fi kíké Àlùkùráánì tí a yí sílẹ̀ gan-an sùn. Ìbẹ̀rù ló ń mú ariwo náà pọ̀. Bí ọkàn bá balẹ̀, ọpọlọ á máa gbàgbé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

5. Kí a sá fún ariwo. Bí a bá ní láti pariwo kí ẹni tó wà nítòsí tó gbọ́ wa, ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Láti ìkóríta Ìkòtún títí dé Ẹ̀gbẹ́dá, ariwo ti tó. Ẹ jẹ́ kí àwa náà yí gbohùngbohùn wòlímọ̀ wa sílẹ̀.

6. Kí a jẹ́ kí NAFDAC gbọ́. Láti 2004 ni Nàìjíríà ti wà nínú ètò àgbáyé tó ń ṣọ́ aburú oògùn. Dókítà tàbí apòògùn lè bá wa kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀.

Ohun tí ẹ̀sìn fi yé wa

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé kò sí àìsàn tí Ọlọ́hun kò dá oògùn rẹ̀. Òun náà ló tún fi yé wa pé ẹni tó bá ń woni láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n sí oníṣègùn, ọrùn rẹ̀ ni ohun tó bá bàjẹ́ wà. Ọ̀pọ̀ wa ló mú ẹ̀kọ́ kìíní, a sì fi ìkejì sílẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ yín gan-an ṣe bẹ́ẹ̀, a sì jẹ níbẹ̀. Al-Kùráánì sì fi yé wa pé a ó bi wá léèrè nípa ìgbọ́ràn wa. Tẹ́lẹ̀, ohun tí a fi etí gbọ́ nìkan la rò pé ìbéèrè náà kàn. Ní báyìí, a ti mọ̀ pé bí a ṣe tọ́jú etí náà wà níbẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

(a) Oògùn wo ló wà nílé yín báyìí tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀?
(b) Ta ló kọ ọ́ fún yín?
(d) Bí ọ̀rẹ́ yín bá ní etí òun ń hó, kí lẹ ó kọ́kọ́ bi í?

Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà, kó sì ṣọ́ ìgbọ́ràn wa fún wa. Àmín.