Pọ́nna Inú Ọ̀rọ̀ náà 'Abẹ́rẹ́' àti Ààbò Aláìsàn

Gbólóhùn pọ́nna ni "Nọ́ọ̀sì mú abẹ́rẹ́ tuntun wá". Abẹ́rẹ́ lè jẹ́ irinṣẹ́. Ó sì lè jẹ́ oògùn tí a ń gún síni lára. Pọ́nna yìí léwu: aláìsàn tó gbọ́ pé abẹ́rẹ́ náà jẹ́ tuntun lè gbà pé kò séwu mọ́.

Lóòótọ́, irinṣẹ́ àlòtúnlò lè kó àrùn éèdì tàbí mẹ́dọ̀wú ranni, ṣùgbọ́n oògùn náà ní ewu tirẹ̀. Ínsúlínì, tí a kọ́kọ́ gún fún alátọ̀gbẹ ní Toronto lọ́dún 1922, wà lára àwọn èròjà tí à ń pè ní peptide. Inú òtútù ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni a ń tọ́jú èyí tí a kò tíì ṣí sí. Bí ó bá dì tàbí tí ooru pa á, agbára rẹ̀ lè lọ láìhàn sójú. Abẹ́rẹ́ fítámínì B1 pẹ̀lú, bí ara ẹni bá kọ̀ ọ́, lè ṣèdíwọ́ fún mímí, bí èyí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀.

Nítorí náà, kí olùkọ́ fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ni ní pọ́nna, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì mọ ìbéèrè méjèèjì yà sọ́tọ̀: Ṣé irinṣẹ́ náà jẹ́ tuntun? Oògùn wo ló wà nínú rẹ̀, báwo ni a sì ṣe tọ́jú rẹ̀?